Kaspar Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Wú Jáde

Pra Sech,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì.

Aita, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú òtútù Nọ́wè, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí òkè yẹn. Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí o ti jẹun yó, kí bàtà rẹ sì gbẹ. Ní tèmi, mo wà láàyè. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ní ìdí tí mo fi kọ ọ́, wàá sì rí i níwájú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ lórí fóònù láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yìí. Lẹ́ẹ̀kíní, mo sọ fún ọ pé Brüna ti bí, pé abo lọmọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ̀rọ̀ koríko. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún sọ fún ọ pé Brüna ti bí. Kì í ṣe nítorí màlúù ni mo ṣe ń pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló há mi lọ́fun, bí mo bá sì ti gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ṣe ló máa ń pòórá. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé ẹnu mi kì í ṣiṣẹ́ àfi tí mo bá ń kọ́ èèyàn ní nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

O mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì la máa ń ṣe ẹ̀kọ́ wa nílé orí òkè, tí mo fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ràn láti máa fi síkì rìn níbi tí kò sí ojú ọ̀nà: bí wọn yóò ṣe mọ ibi tí yìnyín lè ti ya lulẹ̀, àti bí wọn yóò ṣe wá ẹni tó bá bò mọ́lẹ̀ rí. Àwọn mẹ́jọ ló wá lọ́dún yìí. Méjì péré ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Reto ni ọ̀kan, káfíńtà ni, ó mọ síkì lò bí ẹní wà lórí rẹ̀ láti inú oyún, kò sì sí ohun tí kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì ni Verena, obìnrin ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta láti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò lókè, awakọ̀ rélùwéè. Kò sí kọ́nà tí Verena kò ti ṣubú. Ìbéèrè rẹ̀ sì ju ti ọlọ́pàá lọ. Ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí mo ń ya àwòrán òkè sára pátákó, ó bi mí ní ìbéèrè títí ọbẹ̀ báálì fi tutù sórí tábìlì, inú sì bí mi díẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dúró sẹ́nu géètì. Kò yẹ kí n máa ṣàlàyé géètì fún ọ, ìwọ tí o ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí orí rẹ kò tíì ga tó ọgbà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àyà, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ máa ké, kí wọ́n lè fi igbe rẹ̀ wá a rí bí yìnyín bá gbé e mì. Èmi á wá yí tèmi kúrò ní kíké, màá fi sí gbígbọ́. Wọn á máa kọjá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi á sì máa jẹ́ mi létí bóyá tiwọn ń ké. Bí ẹni tó gbẹ̀yìn bá ti kọjá, màá yí tèmi padà sí kíké, a ó sì gbéra. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun òde òní máa ń padà sí kíké fúnra rẹ̀ bí ẹni tó ni ín bá gbàgbé. Tèmi aláwọ̀ ìyeyè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ti ní kí n pa á tì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo ní ẹ̀rọ yìí dàgbà ju akọ̀wé tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ.

Verena ló gbẹ̀yìn. Ó kọjá, ẹ̀rọ rẹ̀ ké, ó sì dúró.

“Tísà, ta ló ń yẹ tiyín wò?”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ṣé àwọn èrò inú rélùwéè máa ń wá yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kó tó gbéra ni. Ó ní rárá, èrò kọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wò ó, òun nìkan kò lè dá a ṣe. Reto ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Tísà, tíkẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.” Ẹ̀rín tún sọ. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo wà tí mo fi gbé Kaspar kọ́ ẹ̀yìn, mo bọ́ síwájú, mo ní ó yá. Mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì.

O rántí Kaspar. Àpò tí mo ki àkísà sí nínú nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje ni, tí ìyá rẹ wọ súwẹ́tà pupa rẹ fún nígbà tí kò gbà ọ́ mọ́. Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ. O máa ń wú u jáde nínú yìnyín lẹ́yìn ilé ẹran wa, wàá gbọn yìnyín kúrò lára rẹ̀, wàá sì bi í bóyá ebi ń pa á. Òun náà la ṣì ń bò mọ́lẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dòní, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ké nínú ikùn rẹ̀. Mo ti tan ẹ̀rọ tirẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Ẹ̀rọ Kaspar ń ké, tèmi dákẹ́, orí ẹ̀yìn kan náà la sì jọ wà.

Mo ní kí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró lórí gegele, kí n lọ bo Kaspar mọ́lẹ̀ ní kòtò tó wà níwájú. Láti dé kòtò yẹn, mo ní láti gba ẹ̀gbẹ́ òkè kékeré kan kọjá, kò ga ju ilé ẹran wa méjì lọ. Aita, ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ya irú ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ gan-an sára pátákó. Mo ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ti kó yìnyín jọ síbẹ̀, yìnyín ìsàlẹ̀ kò sì le, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà sí i. Ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́, torí pé ọdọọdún ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ “wùù” lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, gbogbo ilẹ̀ sì gbéra.

Mo rántí gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú ẹnu kó tó dúró, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ wọn, kí àyè díẹ̀ lè wà fún èémí. Ọwọ́ òsì yí sẹ́yìn mi. Nígbà tí ó dúró tán, ó le gbagidi bíi sìmẹ́ǹtì, mi ò sì lè gbé ìka ọwọ́ kan. Mo tutọ́, itọ́ náà ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ sí etí, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi lélẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo ti fi ń kọ́ni láti ọjọ́ yìí wá. Ẹni tó wà lábẹ́ máa ń gbọ́ àwọn tó wà lókè. Àwọn tó wà lókè kì í gbọ́ tirẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ bí ẹní ń pàtàn, kí yàrá lè dákẹ́, lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n wá mu kọfí. Irọ́ kọ́. Mo gbọ́ wọn ketekete. Mo gbọ́ Reto tó pàṣẹ pé kí gbogbo wọn yí ẹ̀rọ wọn sí gbígbọ́. Mo gbọ́ tó yan ẹni tí yóò pe àwọn agbẹ̀mílà. Kò sí àṣìṣe kankan, mo sì tilẹ̀ ń yangàn nínú sàréè mi, mo ní ẹ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó wá kígbe pé òun ti gbọ́ igbe ẹ̀rọ, ó sì ń ka iye tó kù: mẹ́rìnlá, mẹ́sàn-án, márùn-ún. Bí ó ti ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń jìnnà sí mi.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Yìnyín ti já Kaspar kúrò lẹ́yìn mi, òun ni wọ́n ń lọ bá. Lẹ́yìn èyí ni mo rántí bọ́tìnì. Ọwọ́ mi wà lẹ́nu, ẹ̀rọ wà láyà, ohun tó wà láàárín wọn kò tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo sa gbogbo agbára mi. Mo pariwo pé èmi kọ́ nìyẹn, mo ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn mi kò kúrò nínú ihò tó wà níwájú ẹnu mi. Mo gbọ́ ṣọ́bìrì wọn tó ń ṣiṣẹ́ kíá, kíá, bí mo ṣe kọ́ wọn. Ẹnì kan ń sunkún ayọ̀, ó ní òun ti rí aṣọ, aṣọ pupa. Ṣọ́bìrì wọn wá dúró.

Reto ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àpò ni. Kaspar lèyí.”

Wọ́n pa ẹ̀rọ Kaspar, wọ́n tún tẹ́tí, kò sì sí igbe míì rárá. Ẹnì kan ní bóyá yìnyín ti gbé mi lọ sísàlẹ̀, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn bíi mẹ́ta tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Mo sunkún, Aita. Mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sọ́jà. Ìwọ ni mo sì rí. Mo rí ọ bí mo ṣe rí ọ nígbà tí mo wá sí Nọ́wè lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí o dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, tí àwọn tí o fẹ́ kó lọ sórí òkè ń kọjá níwájú rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o fi ọwọ́ òsì sápò bí èmi gan-an. Lọ́jọ́ yẹn inú mi dùn débi pé mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o má bàa rí mi. Lábẹ́ yìnyín, àwòrán yẹn náà ni mo rí, mo sì wá rí i pé ẹni tó gbẹ̀yìn kọjá, ó ń lọ, kò bi ọ́ ní ohunkóhun.

Mo tún rántí pé ìwọ náà ti béèrè rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́. O ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n yẹ tiyín wò.” Mo ní ṣé ìwọ lo bí mi ni. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ojú rẹ pọ́n, o kò sì tún béèrè mọ́.

Ohùn Verena ni mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í yára sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn náà kò yára. Ó ní, “Ẹ dúró ná. Tísà ò yí tiẹ̀ padà.” Reto ní Tísà kọ́, kò lè jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín lọ́wọ́ nígbà yẹn. Kò yí i padà. Ẹ yéé wá igbe, ẹ mú ọ̀pá.” Ó tò wọ́n sórí ìlà níbi tí wọ́n ti rí mi gbẹ̀yìn, ó ń pàṣẹ, wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn gún yìnyín wò: ọ̀tún, àárín, òsì, ẹ sún síwájú. Ọ̀pá kan kọjá lẹ́bàá orí mi, mo gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde. Mi ò lè nawọ́ dì í mú. Lẹ́yìn èyí, mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n ní ní ìlà kejì ni ọ̀pá Verena kàn mí ní itan, àti pé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni mo lò lábẹ́ ilẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún wọn pé lẹ́yìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrètí ti ń tán.

Hẹlikọ́pítà gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Egungun ìhà méjì ló ṣẹ́, mo sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ìyẹn ni ìgbà tí mo sọ fún ọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára nílé. Verena wá kí mi. Mo ti to ọpẹ́ jọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò lè sùn. Ó ní, “Kì í ṣe orí òkè ni mo ti rántí, Tísà. Ẹnu géètì ni mo ti rí i pé ẹ ò yí i padà. Mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ gbogbo wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín, ojú wá tì mí.”

Obìnrin tó ń wa ẹgbẹ̀rún èèyàn nínú rélùwéè rí ikú mi lójúkojú, ojú sì tì í láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ̀rín mi.

Ìdí ìwé yìí nìyí, ọmọ mi. Ohun tí mo kọ́ ọ kò pé. Kí ẹni tó bá gbẹ̀yìn nílà dúró, kí òun náà fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sí gbígbọ́, kí ìwọ náà kọjá níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọjá níwájú rẹ, kí o sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé tìrẹ ń ké. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ ní géètì, má rẹ́rìn-ín. Bí ẹlòmíràn bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kó dákẹ́ kí o tó gbéra. Mo bẹ̀ ọ́. O mọ̀ pé mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti dé, tí agogo bá ti lu mẹ́jọ láàárọ̀, màá fi wàrà màlúù tí mo ń fún lọ́wọ́ sílẹ̀, màá lọ dúró lójú fèrèsé, nítorí mo mọ̀ pé ìgbà yẹn lo ń dúró ní géètì lọ́hùn-ún. Mo máa ń dúró síbẹ̀ títí di mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ohun tí mo lè ṣe lójú fèrèsé náà. Brüna á máa ké, màá padà lọ bá a.

Kí Ọlọ́run tó yọ mí lábẹ́ ilẹ̀ máa bá ọ gòkè, kó sì máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀. Kí ilẹ̀ má yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí àwọn tí o ń kó jáde máa bá ọ padà wálé, kí iye yín má dín. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, wàá sì rí ẹni tí yóò máa bi ọ́ ní ìbéèrè.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Töna.

Àfikún: Pósítọ́fíìsì ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti lẹ ìwé náà tán kí Barla tó ń gba lẹ́tà níbí tó sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́fà ni yóò gbà kó tó dé Nọ́wè. Mo ṣírò rẹ̀: géètì mẹ́fà nìyẹn. Mo jáde síta, mo tún pè ọ́, o sì gbé e. O ní, “Bàbá, ṣé Brüna tún bí ni?” Mo ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi tipátipá bi ọ́ pé ta ló ń yẹ tìrẹ wò ní géètì. Mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. O wá ní, “Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti tò dúró dè mí, màá pè yín padà.” Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀méje sí i, kò wọlé. Ó ti lé ní wákàtí méjì báyìí. Mo ti tún ìwé náà ya láti kọ èyí sí i, Barla ti di àpò lẹ́tà tán, tèmi nìkan ló ń dúró dè. Nígbà tó o bá ka ibí yìí, pè mí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ màlúù.